Kíbọ́ọ̀dù Tó Ń Kùn Bí Ilé Oyin

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo fi ọgbọ̀n ọdún lọ ata fún àwọn ará àdúgbò Ẹnuwá. Ẹni tó bá ti bá ẹ̀rọ ata gbé tó bẹ́ẹ̀, ariwo kì í bà á lẹ́rù mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi í: ibo lo ti ń wá?

Ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ ní Ọjọ́rú tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí à ń gbé pọ̀ ní Òkèrèwè, ti ibi ìgbáradì orin dé tòun ti ẹnu ṣíṣù. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé adìyẹ tó ń ṣàìsàn. Dùùrù ìṣeré ọmọdé ni, kò gùn ju apá mi lọ; bàbá rẹ̀ ló rà á ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ọjọ́ tó dé ni mo ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀. Ohun tó bá wọ ilé mi ní tuntun, tuntun náà ló máa wà. Ọ̀rá ṣì wà lára àga pálọ̀ mi láti ọdún tí mo ti rà wọ́n.

"Màmá, wọ́n gbé máíkì sí i lẹ́nu, ló bá ń kùn bí ilé oyin. Tíṣà ní tí kò bá dákẹ́ títí Sátidé, mi ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ́jọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí n máa bá àwọn ọmọ kéékèèké pàtẹ́wọ́."

"Ìwọ náà, ṣé àgbà ni ẹ́?"

"Màmá! Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ!"

Mo ní kó fi wáyà rẹ̀ bọ iná. Kó tó tẹ nǹkan kan rárá, ó ti ń ṣe "hùùù". Nígbà tó wá tẹ̀ ẹ́, ariwo mìíràn tún dá sí i, "pẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀". Àìsàn méjì ni. Bí ẹ̀rọ bá sì ń ṣàìsàn méjì, ẹ má fún un lóògùn méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Mo fa wáyà yọ. Mo yọ bátìrì méjì nínú tọ́ọ̀ṣì mi, mo yọ ọ̀kan lẹ́yìn aago pálọ̀, mo kì wọ́n bọ kíbọ́ọ̀dù nídìí. Hùùù dákẹ́. Ṣájà fóònù tí a fi ń fún un níná ló ń kùn. Ṣùgbọ́n pẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀ kò lọ síbì kankan.

A gbé e tọ oníṣẹ́ rédíò tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò lọ. Ó dẹtí sí i, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n tú u wò."

"Tú kí ni? Ìwọ tó o tú rédíò mi, tí nọ́ọ̀tì márùn-ún ṣẹ́kù sí ẹ lọ́wọ́?"

"Ṣé rédíò ọ̀hún ò sọ̀rọ̀ ni?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan bá dì í mú."

Mo gba kíbọ́ọ̀dù wa padà. Nígbà tí mo délé ni mo rántí bí mo ṣe ń ṣe ẹ̀rọ ata: màá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára níbi gbogbo, níbi tí ariwo bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ló wà. Mo ní, "Ìyá mi, máa tẹ̀ ẹ́, má dáwọ́ dúró." Mo gbọ́wọ́ lé ìdí rẹ̀, ó ń pariwo. Mo gbọ́wọ́ lé ẹ̀gbẹ́, ó ń pariwo. Mo gbọ́wọ́ lé ibi tí ohùn ń gbà jáde, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ká ọwọ́ kúrò: pẹ̀rẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi.

"Màmá, ọ̀rá ni."

Mo tún fọwọ́ tẹ ọ̀rá náà mọ́lẹ̀.

"Ọ̀rá tẹ́ ẹ ní ká má bọ́."

"Mo gbọ́."

Mo fi sẹlotéèpù lẹ etí ọ̀rá náà mọ́lẹ̀. Ariwo kàn ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni. Bí mo ṣe ń wá sẹlotéèpù sí i, mo gbọ́ pá, pá, pá lẹ́yìn mi. Ọmọ yìí ti jókòó, ó ń pàtẹ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tẹjú mọ́ mi.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń múra sílẹ̀ de Sọ́ńdè ni, Màmá."

Mo fi èékánná he etí ọ̀rá náà, mo fà á ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Ọmọ náà tẹ orin rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ohùn kíbọ́ọ̀dù mọ́ bí omi kànga.

Òun ló tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ọmọ kéékèèké sì pàtẹ́wọ́ sí i. Nígbà tí a délé, ó jókòó sórí àga pálọ̀, ọ̀rá ké ṣààrà lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, àga yìí náà ń pariwo o."

Mo ní, "Ó lè máa pariwo. Ta ló pe àga kó wá kọrin?"