Ojú Ìkọ́ Irin Tó Kán

Yàrá àyẹ̀wò kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Máíkírósíkóòpù elẹ́kítírọ́ọ̀nù la fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iléeṣẹ́ oníke kan ní Èjìgbò fi ìkọ́ irin tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè ránṣẹ́ sí wa. Ìkọ́ náà kán, ẹrù sì já lu ẹsẹ̀ bàbá kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ní òun ló gbé ẹrù tó wúwo jù kọ́ ọ.

Ogún ẹgbẹ̀rún fóltì, ìyẹn agbára iná ẹ̀rọ náà, ni mo lò, bí a ṣe máa ń ṣe, torí àwòrán rẹ̀ a máa mọ́lẹ̀ kedere. N kò rí ibi kankan tó ti sán tẹ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ẹrù ló wúwo jù. Ìwé mi ni wọ́n fi lé bàbá náà kúrò níṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ wá láti Òkè-Afá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un wò. Ọkọ mi ti sọ fún wọn pé ìkọ́ yẹn ti sán."

Inú bí mi. "Mà, ẹ̀rọ kì í parọ́."

Àmọ́ n kò lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò lọ́kàn. Fóltì tó ga máa ń ti elẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ náà fi ń ríran wọnú irin jìnnà, ohun tó bá fẹ́lẹ́ lójú irin kì í sì í hàn. Mo gbé irin náà padà sínú ẹ̀rọ, mo sọ fóltì kalẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún méjì. Àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ rí wúruwùru. Nígbà tó dúró, mo rí àbàwọ́n fẹ́lẹ́ kan létí ibi tó kán: òróró tó ti wọ ibẹ̀, tó sì ti gbẹ tipẹ́. Ìkọ́ náà ti sán tipẹ́ kí ó tó kán.

Ọ̀gá mi obìnrin wò ó títí. "Ìwé ti jáde. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa wa?"

"Mo mọ̀, mà. Èmi ni mo ṣe é."

Ó fọwọ́ sí ìwé kejì tí mo kọ pé ìkọ́ náà ti sán tẹ́lẹ̀. Iléeṣẹ́ náà pe bàbá náà padà, ẹnu géètì ni wọ́n fi í sí, nítorí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

Èmi fúnra mi ló mú ẹ̀dà ìwé kejì náà lọ sílé rẹ̀. Ó ní kí n kà á sókè.

"Ìwọ náà lo kọ ti àkọ́kọ́?"

"Èmi ni, sà."

Ó ká ìwé náà, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa dìde.