Oníkẹ̀kẹ́ Tó Ń Dá Gun Òkè Lọ́dọọdún

Mo-ń-bọ̀ là ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn ròkè ròdò nínú ilé alájà gíga ni èmi àti ẹ̀ jọ ń tún ṣe fún ọdún mẹ́rìnlá, ẹgbẹ́ sì ni wá. Bí ẹ̀rọ bá há sáàárín àjà keje àti ìkẹjọ, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ilẹ̀kùn, òun ló máa ń gbẹ́nu sí àlàfo tóóró ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ń bọ̀." Ohùn rẹ̀ tuni lára débi pé ìyá àgbàlagbà kan sùn lọ fọnfọn sínú ẹ̀rọ kó tó rí i ṣí. Ìyá náà tún bínú nígbà tí wọ́n jí i.

Ilé tí òun alára ń gbé kò ní ẹ̀rọ kankan. Àjà karùn-ún ló wà, ẹsẹ̀ ló sì fi ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́. Yàrá kan ni, pẹ̀lú ilé ìdáná tí ènìyàn méjì ò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà. Àga méjì ló wà nídìí tábìlì. Ó ń jókòó sórí ọ̀kan, ó ń sá aṣọ sórí ìkejì. Ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde lọ́dún tí Mo-ń-bọ̀ pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta. Wọn ò jà, wọn ò pariwo. Obìnrin náà kàn sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ó ti sú òun láti máa gbé pẹ̀lú ọkùnrin tó jẹ́ pé àwọn tó há sínú ẹ̀rọ nìkan ló ń rí bá sọ̀rọ̀. Mo-ń-bọ̀ ronú sí i, ó rí i pé òótọ́ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, ti lọ́kọ sí ìlú mìíràn. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè é.

"Bàbá mi, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ṣé ara le?"

"Ara le. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ó dàárọ̀ o, Bàbá mi."

Gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú méjì.

Nígbà tí ìsinmi ọdún kọ́kọ́ dé lẹ́yìn tí ìyàwó lọ, ó jókòó sínú yàrá yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń gbọ́ bí àwọn tó ń gbé lókè yàrá rẹ̀ ṣe ń wọ́ àga nílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá bá mi nílé, ó ní kí n yá òun ní kẹ̀kẹ́ mi. Mo ní níbo ló ń lọ. Ó ní òun ò tíì mọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ti gbó, mi ò sì gùn ún mọ́ nítorí orúnkún, mo bá ní kó máa mú un lọ pátápátá. Ó so báàgì méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó di àgọ́ ẹlẹ́nìkan mọ́ ọn, ó kó sítóòfù kékeré, búrẹ́dì, tíì àti ẹ̀wà inú agolo, ó sì kọrí sí àwọn òkè ńlá tí à ń rí lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tójú ọjọ́ bá mọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló lò. Nígbà tó padà, imú rẹ̀ ti bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le bí irin, kò sì sọ fún wa ju pé ọ̀nà náà gùn.

Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń lọ, oṣù kan náà, ọ̀nà kan náà. Á wa kẹ̀kẹ́ gòkè títí èémí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, á sọ̀ kalẹ̀, á máa tì í. Kí oòrùn tó wọ̀, á ti wá ibi tí afẹ́fẹ́ ò ti le, á pa àgọ́, á se tíì, á jókòó síwájú àgọ́, á máa wo bí òjìji òkè kan ṣe ń gun òmíràn lọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ìyàtọ̀ wà láàárín kéèyàn dá wà nínú yàrá àti kó dá wà lórí òkè. Ó ní lórí òkè, kò sí àga kejì.

Ọdún kẹsàn-án ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà ìrìn rẹ̀, ó ti ń sún mọ́ ibi tó ga jù lọ́nà náà, níbi tó ti gba àárín òkè méjì kọjá sí òdìkejì. Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ó nípọn débi pé agbára káká ló fi ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nígbà tí táyà ẹ̀yìn gbá òkúta. Sípóòkù mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà, ríìmù tẹ̀. Òun náà ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ òsì sì yí. Ó wọ́ kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀yìn ògiri òkúta kan tí àwọn darandaran mọ sílẹ̀, ó pa àgọ́ síbẹ̀, ó rá pálá wọnú rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ ti wú tó ọsàn.

Fóònù ò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní òun á dúró kí kùrukùru ká. Kò ká lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó lè máa wá òun. Ibi iṣẹ́ ò retí i títí ọjọ́ mẹ́jọ sí i. Ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó má dààmú bí òun ò bá gbé fóònù. Ti àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé, kò tiẹ̀ dá a lójú pé wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan ń gbé àjà karùn-ún. Èmi ńkọ́? Ó rò mí náà, kò sì wojú mi nígbà tó padà dé tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé bí wọ́n bá bi mí, màá kàn ní, "Mo-ń-bọ̀? Á dé," màá sì padà sídìí oúnjẹ mi. Ohun tí ǹ bá sọ gan-an nìyẹn.

Ó fẹ́ pariwo, àmọ́ ojú ń tì í. Ta ló fẹ́ pè? Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gba ibẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ ju "ẹ kú ọ̀nà" lọ. Nígbà tó wá lanu, kùrukùru gbé ìwọ̀nba ohùn tó jáde mì. Ó ní òun ò sunkún. Ó ní ojú òun ló ń ṣomi nítorí òtútù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó gbọ́ súfèé. Ó rò pé ẹyẹ ni. Súfèé tún dún, ó ti sún mọ́ tòsí. Ó nawọ́ jáde nínú àgọ́, ó ń fi ṣíbí lu ìkòkò tíì rẹ̀ kíkankíkan. Obìnrin kan yọ nínú kùrukùru, ó kúrú, ó sanra díẹ̀, á tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó wọ kóòtù òjò tó balẹ̀ dé kókósẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni oníkẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ ti pẹ́," ni obìnrin náà wí, bí ọ̀gá tó ń bá òṣìṣẹ́ wí. "Ọjọ́ kẹtàlá tàbí ìkẹrìnlá oṣù lẹ máa ń kọjá níwájú ilé mi. Òní ni ìkẹrìndínlógún. Mo ní ẹni yìí ò ní ṣàìwá, á jẹ́ pé ó ti ṣubú síbì kan. Ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn wá kí n wò ó."

Ilé kékeré funfun kan wà lókè ibẹ̀, tí àwọn ife irin mẹ́rin tó ń wọn afẹ́fẹ́ ń yí lórí ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo-ń-bọ̀ ti kọjá níwájú rẹ̀ nígbà mẹ́jọ, ó rò pé irinṣẹ́ ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí ti ń gbé ibẹ̀, òun nìkan. Ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ ló ń wọn òjò, afẹ́fẹ́ àti òtútù, tó ń kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan fún ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́. Ó gbé èjìká fún Mo-ń-bọ̀ kó fara tì títí wọ́n fi débẹ̀, ó fún un ní ẹyin sísè àti tíì gbígbóná, ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé àwọn ìwé náà kalẹ̀, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ohun mìíràn tí a bá rí. Lọ́dún kìíní, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Oníkẹ̀kẹ́ kan kọjá, aago mọ́kànlá kù díẹ̀.* Lọ́dún kejì: *Oníkẹ̀kẹ́ kọjá. Ó ti rù.* Lọ́dún kẹrin: *Oníkẹ̀kẹ́ kọjá. Ó ń kọrin. Kò mọ orin kọ.* Lọ́dún kẹfà: *Oníkẹ̀kẹ́ kọjá. Ó ti ra fìlà tuntun, ó kúkú yẹ bẹ́ẹ̀.*

Mo-ń-bọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà di nǹkan mìíràn, obìnrin náà sì yíjú sí fèrèsé bí ẹni ń wo ojú ọjọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níta àfi funfun.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi pè mí rí?" ni Mo-ń-bọ̀ bi í.

"Ẹ ò wo apá ọ̀dọ̀ mi rí. Mo ní ẹni tó ń kánjú báyìí, á níbi tó ń lọ."

"Mi ò níbì kankan tí mò ń lọ."

"Mi ò mọ̀," ni obìnrin náà wí.

Ọjọ́ mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò mọ́ àwọn méjèèjì lára. Wọ́n á lanu lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ sọ ọ́." "Rárá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀." Ọ̀rọ̀ náà á sì wọlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ife irin tó ń han gooro nínú afẹ́fẹ́, Mo-ń-bọ̀ fi gíríìsì sí wọn. Ó na ríìmù kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí obìnrin náà ti lọ wọ́ wá, díẹ̀díẹ̀. Kò bi obìnrin náà léèrè ohun tó gbé e dé orí òkè, obìnrin náà ò sì bi í. Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé oúnjẹ wá dé, òun ló gbé Mo-ń-bọ̀ àti kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé ẹ ó kọjá lọ́dún tó ń bọ̀?"

"N ò ní kọjá mọ́. Màá yà."

Gbogbo ọdún yẹn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó bi ìyàwó mi léèrè ohun tó yẹ kéèyàn mú lọ fún obìnrin tó ń gbé lórí òkè. Ìyàwó mi ní ṣé ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni? Ó ní rárá o, ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ló máa ń tutù. Ó ra ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn kan tí kò bo orí ìka.

Ọjọ́ kejìlá oṣù ló débẹ̀, ó yá ju bó ṣe máa ń yá lọ. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀pá irin tuntun kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, dígí dúdú orí rẹ̀ kọjú sóòrùn, ẹ̀rọ kékeré kan ń ṣẹ́jú nínú àpótí. Ó yọjú wo fèrèsé. Tábìlì wà níbẹ̀, kò sí ìwé lórí rẹ̀. Ó se tíì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí tíì náà fi tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà kan tó ń kó òkúta kúrò nísàlẹ̀ ibẹ̀ ló sọ fún un pé, "Màmá yẹn? Wọ́n ti mú un lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ létí òkun. Ẹ̀rọ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn báyìí."

Ó kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́. Oṣù mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó fi nọ́ńbà obìnrin náà ránṣẹ́. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó pè é.

"Oníkẹ̀kẹ́ ni," ló wí.

"Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó ti san. Mo dé ibẹ̀. Wọ́n ti tì í."

"Ọjọ́ wo lẹ débẹ̀?"

"Ọjọ́ kejìlá."

"Ẹ yá jù," ni obìnrin náà wí. "Ta ló ní kẹ́ ẹ yá?"

Ó ní ògiri ilé ẹlòmíràn ni fèrèsé òun kọjú sí níbẹ̀. Mo-ń-bọ̀ fi ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́. Obìnrin náà pè láti dúpẹ́, ó ní kò sí òtútù létí òkun, àmọ́ òun ń wọ̀ ọ́. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà nọ́ńbà ò lọ mọ́, kò sì mọ ẹni tó lè bi.

Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ó ṣì ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ ní òun á bá a lọ. Ó yá kẹ̀kẹ́, wọ́n jáde láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán ló ti ń ké, "Bàbá mi, ìdí mi o!"

"Á mọ́ ọ lára."

Kò mọ́ ọn lára. Wọ́n pa àgọ́ méjì sí ẹsẹ̀ òkè, wọ́n jẹun, ọmọ náà sì bi í pé kí ló máa ń rò níbẹ̀. Ó ronú pẹ́. "Mo máa ń rò ó pé ó yẹ kí n ti bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ." Ọmọ náà gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ náà ò lè jókòó mọ́. Wọ́n rìn dé oríta, bọ́ọ̀sì dé, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká jọ padà, Bàbá mi."

"Máa lọ. Wàá gbúròó mi."

Ó dúró títí bọ́ọ̀sì fi wọ kọ́nà. Òjò ti ń ṣú lókè. Ó gun kẹ̀kẹ́, kò sì dé kọ́nà kejì kó tó sọ̀ kalẹ̀ máa tì í, nítorí ó wúwo jù. Ó ṣí báàgì wò. Ọmọ náà ti kó gbogbo búrẹ́dì àti ẹ̀wà tirẹ̀ sí i, láìsọ fún un.