Erùpẹ̀ Tó Dára Jù Nínú Oko

Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni obìnrin tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní Ìyá Elérùpẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò erùpẹ̀ oko. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ há. Ajọ̀ tó fi ń jọ erùpẹ̀ wà lórí ìṣó, eruku sì wà lórí gbogbo nǹkan. Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ gbé erùpẹ̀ oko bàbá wọn dé nínú ọ̀rá, ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, àgbàdo tún ti pọ́n bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Ó ti sú mi. Bí ilẹ̀ náà bá ti kú, ẹ sọ fún mi kí n tà á fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù."

Ìyá Elérùpẹ̀ yẹ erùpẹ̀ náà wò. Ó ní òun ò rí nǹkan kan tó ṣe é.

"A jẹ́ pé èmi ni nǹkan ń ṣe nìyẹn," ni àbúrò wí. "Ẹ jẹ́ kí n tà á."

Ìyá Elérùpẹ̀ tún bu erùpẹ̀ náà sọ́wọ́. Ó dúdú, ó rọ̀, ó ń rùn bí ewúrẹ́.

"Ibo lo ti bù ú?"

"Ìdí igi tí mò ń so ewúrẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ló dára jù. Ṣé kí n wá gbé erùpẹ̀ burúkú síwájú yín ni? Ẹni tó ń lọ rí dókítà, ṣebí á kọ́kọ́ wẹ̀."

"Kó wẹ̀ o, àmọ́ kó má gbé ara ẹlòmíì lọ!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn mú.

Wọ́n jọ lọ sóko. Ó ń bù díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń pò ó pọ̀ nínú garawa kan, orúnkún rẹ̀ ń ké. Ilẹ̀ le gbagidi. Kò sí ekòló kan. Eérú ló wà káàkiri.

"O ṣì ń sun pòròpórò?"

"Bí bàbá ṣe ń ṣe nìyẹn."

"Oúnjẹ ilẹ̀ lò ń sun. Màá yẹ eléyìí wò, àmọ́ ilẹ̀ yìí ò kú, ó ṣá ni. Jẹ́ kí pòròpórò jẹrà sórí ẹ̀, gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo, kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ wá."

"Ṣé á dáa lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Rárá. Kì í yá bẹ́ẹ̀."

Àbúrò jókòó sórí ebè. "Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó rẹ èmi náà." Ó jókòó tì í.

Nígbà tó yá, àbúrò yọ ìṣáná lápò, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Màá ní kí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù má wá mọ́."

Ìyá Elérùpẹ̀ ju ìṣáná sínú báàgì. "Ó dáa. Fà mí dìde."