Àkíbù Tó Sọ Òkè Mápó Di Sọ́fà

Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí Àkíbù Aránbàtà ní Bẹ́yẹrúnká, òun ló kọ́kọ́ dìde lórí ẹní kí ìyá rẹ̀ tó dìde. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wo àpótí tó yẹ kó máa jókòó lé ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Bí wọ́n ṣe kàn án náà ló ṣe wà. Ìdí kan ò tíì pẹ́ lórí rẹ̀ rí. Láàárín kí Àkíbù fi abẹ́rẹ́ gún bàtà lẹ́ẹ̀kan àti kó gún un lẹ́ẹ̀kejì, á ti sáré dé Ọjà'ba, á ti parí ìjà tí kò kàn án, á sì ti padà.

Lọ́dún tí orúkọ òun àti Karimat ìyàwó rẹ̀ jáde láti lọ sí Mẹ́kà, ara rẹ̀ wá dà bíi ti eku tó jẹ ata. Alúfàá ti sọ fún wọn pé àwọn tó ń ṣe hájì máa ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín òkè méjì, Sọ́fà àti Mọ́rúwà, àti pé níbi tí iná àwọ̀ ewé bá wà, àwọn ọkùnrin á sáré díẹ̀. Ẹlòmíì á gbọ́, á ṣe àmín, á lọ sùn. Àkíbù sọ òkè Mápó di Sọ́fà, ó sọ Bẹẹrẹ di Mọ́rúwà, ó so ọ̀rá àwọ̀ ewé mọ́ òpó iná méjì lójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọlọ́kadà ń yà fún un. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá ti mọ àsìkò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Karimat ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì fẹ́ yára díẹ̀.

"Rọra o, Ìyá Mujee," ni Àkíbù wí láìbojú wẹ̀yìn. "Obìnrin kì í sáré níbi iná àwọ̀ ewé. Ẹ̀sìn ni."

"Mo gbọ́, Bàbá Mujee. Ẹ wo gọ́tà."

Kò wo gọ́tà. Orí ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ há sójú síláàbù tó fọ́, gìgísẹ̀ wà lókè, gbogbo ara rẹ̀ sì yí lé ẹsẹ̀ náà. Nǹkan dún kó láàárín ẹsẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e délé, gbogbo agbo ilé di dókítà. Nojeem àbúrò rẹ̀ di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń yí i bí ẹni tó ń wá ìbùdó lórí rédíò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń dùn yín?"

"Níbẹ̀ kọ́."

"Ẹ ò rí i? Kò rọ́."

Òkè ẹsẹ̀ ti wú bí àkàrà, ṣùgbọ́n ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n mọ̀ tó máa ń rọ́, ọrùn ẹsẹ̀ ni wọ́n sì ń bi. Nojeem wá da omi gbígbóná sí i, ó fi róòbù wọ́ ọ títí Àkíbù fi ń ka kálímà. Lọ́jọ́ kejì, aránbàtà kò rí bàtà tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó bà á lẹ́rù ju ìrora lọ ni pé àwọn dókítà máa yẹ àwọn arìnrìn-àjò wò. Bí wọ́n bá rí i tó ń tiro, tí wọ́n bá ní kó dúró sílé ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ rìn. Ẹni bá béèrè, á ní ìrìn alálàájì ni.

Ó fi pa mọ́ gbogbo ayé, àfi ibi tí ò rò. Wọ́n ń kí Àlááṣárì nínú yàrá wọn, òun níwájú, Karimat lẹ́yìn. Nígbà tí Karimat gbórí sókè láti ìforíkanlẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló pàdé. Kò ká ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, àárín rẹ̀ sì dúdú. Bí wọ́n ṣe sálámà tán, ó béèrè:

"Bàbá Mujee, ta ló fi aró kun àtẹ́lẹsẹ̀ yín?"

"Ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí tí àlùwàlá ò lè fọ̀?"

Àkíbù fa ẹsẹ̀ náà sábẹ́ aṣọ rẹ̀. Karimat gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà Fọláyẹmí ò tiẹ̀ wo ọrùn ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka kan tẹ àárín ẹsẹ̀, Àkíbù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àjà sọ̀rọ̀. Ó ní kó dúró lórí ìka ẹsẹ̀ náà. Kò lè dúró. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀ lórí ìdúró.

"Eegun ò kán, wọn ò sì yà kúrò lára wọn," ni dókítà wí. "Iṣan tó so eegun àárín ẹsẹ̀ pọ̀ ló fà ya díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí àtẹ́lẹsẹ̀ yìí ló tú àṣírí yín, bàbá. Ẹni tó bá ti rí i kì í wọ́ ọ, kì í fi omi gbígbóná sí i, kì í sì tẹ̀ ẹ́. Ilé ìwòsàn ló ń gbà lọ."

"Mẹ́kà ńkọ́?"

"Abẹ́ ẹsẹ̀ yín tẹ̀ bí afárá. Bí ẹ bá ń sáré lórí rẹ̀ báyìí, ó lè wó, ẹ ó sì máa tiro títí ayé. Bí ẹ bá lè jókòó, ẹ lè lọ."

Ọ̀rọ̀ "jókòó" yẹn gún un ju abẹ́rẹ́ lọ.

Wọ́n wọ bàtà ńlá tó ga dé ojúgun fún un, wọ́n fún un ní ọ̀pá tí á máa fi sí abíyá. Karimat ń fi aṣọ wé omi dídì lé òkè ẹsẹ̀, ó ń fi ìrọ̀rí gbé e sókè, ó sì gbé àga tirẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Àkíbù ka gbogbo páànù òrùlé, ó bá aláǹgbá jà, ó sì ti ojú fèrèsé bá wọn parí ìjà ní ìgboro. Nígbà tó yá, dókítà ní kó máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó máa di ògiri mú, kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Lọ́jọ́ tó dúró lórí ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún tí kò dùn ún, dókítà ní ó lè lọ, ṣùgbọ́n ibi tí ìrìn bá ti pọ̀, kẹ̀kẹ́ arọ ni.

"Kẹ̀kẹ́ arọ? Èmi Àkíbù?"

"Yálà kẹ̀kẹ́," ni Karimat wí, "tàbí Bẹẹrẹ."

Ó gba kẹ̀kẹ́.

Wọ́n dé Mẹ́kà. Karimat ń tì í lọ láàárín Sọ́fà àti Mọ́rúwà, jẹ́jẹ́. Wọ́n dé abẹ́ iná àwọ̀ ewé. Àwọn ọkùnrin gbogbo ayé gbé aṣọ funfun mọ́ra, wọ́n ń sáré kọjá, arúgbó kan tó tó bí bàbá Àkíbù lọ́mọ wà lára wọn.

"Sáré, Ìyá Mujee. Wọ́n ń fi wá sílẹ̀."

"Obìnrin kì í sáré níbí, Bàbá Mujee. Ẹ̀sìn ni."

Àkíbù di apá kẹ̀kẹ́ mú gbọingbọin. Lórí irin tó gbé ẹsẹ̀ lé, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nìkan ń sáré lọ.