Bí Ìyá Sún-Díẹ̀ Ṣe Kó Ilé Rẹ̀ Gba Inú Ẹrù Ẹlẹ́rù

Ọ̀rọ̀ firíìjì Tíṣà ni ẹnu gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ síbi tí wọ́n bá ti dárúkọ Ìyá Sún-Díẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun àti afẹ́fẹ́ kò rẹ́ nígbà ayé rẹ̀, ẹ óò gbọ́ ìdí. Tíṣà ra firíìjì ńlá kan fún ìyàwó rẹ̀ tó wà nílé, ní òdìkejì òkun. Ó gbé e wá sí ilé ẹrù Ọ̀gá Kọ̀ńténà, ó fi okùn dì í, ó sanwó, ó lọ. Firíìjì gun orí omi, ó gúnlẹ̀ láyọ̀. Ìyàwó Tíṣà pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá bá òun yọ̀. Ó ṣí i lójú gbogbo wọn, ó bá pátá obìnrin tí wọ́n ká róbótó-róbótó, tí wọ́n tò sí ibi tí wọ́n máa ń to ẹyin sí.

Kò pẹ́ tí Tíṣà fi já wọ ilé ẹrù pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìlà, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí o! Ta ló kó pátá sínú firíìjì mi? Ìyàwó mi ní òun ń kẹ́rù òun jáde!"

Ọ̀gá Kọ̀ńténà yíjú sí ibi tí Ìyá Sún-Díẹ̀ jókòó sí lórí páálí, tó ń fi abẹ́rẹ́ gán ẹnu àpò kan. Ìyá kò tilẹ̀ ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Gbé fóònù yẹn wá," ló wí. "Ìyàwó mi, o kú oríire firíìjì o. Tèmi ni pátá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ránṣẹ́ sí."

"Irọ́ lẹ fẹ́ bá a pa, Ìyá! Ọkọ mi ló bẹ̀ yín!"

"Ó dáa. Mú ọ̀kan níbẹ̀, kí o nà án sókè. Ṣé o ti nà án?"

"Mo ti nà án, mà."

"Wo bó ṣe fẹ̀ tó. Wàyí o, rántí bí Tíṣà rẹ ṣe tín-ín-rín tó. Bí ẹni tó ni ìdí yìí bá fi àṣìṣe jókòó lé e pẹ́nrẹ́n, ṣé ìwọ náà ò ní ti máa wọṣọ ọ̀fọ̀ báyìí?"

Ẹ̀rín àwọn aládùúgbò là gba inú fóònù kọjá. Nígbà tí ìyàwó Tíṣà rí ohùn gbé sọ̀rọ̀, ohun tó béèrè ni pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ilé ẹ̀gbọ́n yín, kí n lè kó o lọ fún wọn?"

Iṣẹ́ Ọ̀gá Kọ̀ńténà kò ṣòroó ṣàlàyé. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò tó kún odidi kọ̀ńténà ń gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ pín ọ̀kan lò. Ọ̀gá á na téèpù sí ẹrù kálukú, kálukú á sì sanwó ààyè tí ẹrù rẹ̀ gbà. Bó bá kún, wọ́n á ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀ gbá, ọkọ̀ ojú omi á gbé e. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Ọ̀gá, tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ohun tó ń dẹ́rù bà á bíi kí ẹnì kan ti ohun tí kò sọ bọ inú ẹrù, torí pé bí àwọn aṣọ́bodè bá rí ẹ̀bi lára ẹrù ẹyọ kan, gbogbo kọ̀ńténà ni wọ́n ń dá dúró. Ìyẹn ni Ọlọ́run wá fi Ìyá Sún-Díẹ̀ ta á lọ́rẹ.

Páálí kékeré kan péré ni Ìyá máa ń sanwó rẹ̀. Bó bá ti gbé e kalẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ẹrù ẹlẹ́rù, á máa fi ìka kàn án, kó-kó-kó. Ibi tó bá dún bí òfìfo ló ń dúró sí.

"Ta ló ni ìkòkò yìí? Ọmọ mi, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀ yẹn! Ṣé kò sí afẹ́fẹ́ nílé yín ni, tó o fi ń sanwó kó o tó gbé tibí lọ? Sún díẹ̀ fún mi, jàre."

Àgbàlagbà ò ṣeé já ní koro, onítọ̀hún á sún díẹ̀. Díẹ̀ yìí ni Ìyá yóò kó ìdajì yàrá ìdáná sí. Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ akèrègbè, ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì pàdé Ìyá Sún-Díẹ̀. Ó ń ki síbí bọ ìbọ̀sẹ̀, á ki ìbọ̀sẹ̀ bọ bàtà, á wá ki bàtà bọ inú ìkòkò oníkòkò. Mẹkáníìkì kan tó ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ fún un ní búùtù nìkan, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Nígbà tí mọ́tò débẹ̀, àbúrò pè é pé mọ́tò náà dáa, ṣùgbọ́n bí òun bá ti yà sọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń dún bí ẹni ń fọ abọ́. Wọ́n tú àga ẹ̀yìn, wọ́n bá àwo tí ó tó ilé mẹ́ta í jẹun. Ohun tó bí Mẹkáníìkì nínú jù ni pé ìkankan kò fọ́.

Wọ́n ń bínú, wọn kò sì yé wá a. Ẹni tó bá ní ohun ẹlẹgẹ́, Ìyá ló ń gbé e fún kó bá òun dì í, torí ohun tí Ìyá bá dì kì í fọ́. Ní òdìkejì òkun, nítorí pé ẹrù rẹ̀ ti fọ́n sínú ẹrù gbogbo ayé, dandan ni kí gbogbo ayé máa wá sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dá a padà. Ibẹ̀ ni ìyàwó Tíṣà ti bá ìyàwó àbúrò Mẹkáníìkì pàdé, tí àwọn méjèèjì di kòríkòsùn.

Kì í ṣe òwò ni Ìyá ń fi gbogbo èyí ṣe. Aránṣọ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí nìkan ló kù fún un láyé, ojú ìyẹn sì ti ń ṣú. Ohun kan ṣoṣo tí Ìyá ń lé ni kí òun kó ilé òun tán, kí òun lọ bá ẹ̀gbọ́n òun gbé kí ikú tó mú ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ìwọ̀nba owó tó ń rí, ti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ni. Owó kọ̀ńténà kò sí. Àwọn kan bi í léèrè pé kí ló dé tí kò kúkú ta àwọn nǹkan náà.

"Kí n tà á?" ló máa ń dáhùn. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ránṣọ, kí n wá lọ bá ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ òfo bí ẹni tó sá fún gbèsè? Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ. Ẹ ṣáà sún."

Aago ló bà á jẹ́. Aago orí tábìlì kan báyìí, tí ariwo rẹ̀ lè jí òkú, ni Ìyá ki bọ inú ìkòkò Nọ́ọ̀sì kan tó ń fẹrù ránṣẹ́ sílé, láì sọ fún ẹnì kankan. Ó dì í dáadáa, àfi pé ó gbàgbé láti yọ bátìrì. Ní ibodè, bí àwọn aṣọ́bodè ti ṣílẹ̀kùn kọ̀ńténà, aago figbe ta nínú ìkòkò. Wọ́n ní bọ́ǹbù ni. Olórí wọn ló kọ́kọ́ sá, fìlà rẹ̀ sì ṣubú sẹ́yìn, kò padà wá mú un. Ìgbà tí wọ́n fi ríran wo ohun tó wà nínú ìkòkò, ojú ti tì wọ́n kọjá àforíjì. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé gbogbo ẹrù náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n sì sọ fún Ọ̀gá Kọ̀ńténà pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, wọn yóò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá kò sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ọjọ́ tí Ìyá tún yọjú pẹ̀lú páálí kékeré rẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ má bínú. Ẹrù yín ò lè wọbí mọ́."

"Nítorí aago?"

"Nítorí aago, mà."

"Aago tí ò bá dún, kí ló kù tó ń ṣe láyé?"

Ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìyá rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó gbé páálí rẹ̀, ó padà. Ó sì ya Ọ̀gá lẹ́nu pé ilé ẹrù náà kò dùn í jókòó sí mọ́. Àwọn èèyàn ń to ẹrù wọn láì bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà ní ilé ìfowópamọ́.

Ìpè kan ló gbé e dé ilé Ìyá. Ẹ̀gbọ́n Ìyá ló gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó Tíṣà, ó ní fóònù àbúrò òun kò lọ láti ọjọ́ yìí. Ojú òun ti fọ́ tán, òun sì ti ṣubú nínú ilé. Kí wọ́n bá òun sọ fún un kó máa bọ̀.

Ọ̀gá kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì dúró láàárín yàrá bí ẹni tó ṣìnà. Yàrá ti dá páropáro. Fóòmù kan wà nílẹ̀, igi kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá jókòó lórí páálí.

"Ìyá, fóònù yín ńkọ́?"

"Ó wà. Ṣájà ẹ̀ ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Àṣìṣe ni."

"Àga ńkọ́?"

"Ó ti lọ."

"Tábìlì?"

"Orí ẹ̀ bá ilẹ̀kùn káfíńtà kan lọ. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà láàárín agboòrùn ẹnì kan."

"Bẹ́ẹ̀dì yín dà?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́ta ti gúnlẹ̀. Ìkẹrin rèé." Ó gbé igi kúkúrú náà sókè. "Fóòmù yìí ló dà mí láàmú. Kò gba inú ìkòkò ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an wúwo. Ó jẹ́ ẹ fún un. Ìyá ń fi ọwọ́ pa ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà, ó ń pa á.

"Ọmọ mi," ló wí nígbẹ̀yìn, "mo bẹ̀ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ bá sàréè níbẹ̀. Jẹ́ kí ìwọ̀nba tó kù yìí lọ, kí n lè máa lọ."

"Ó máa lọ, mà. Àmọ́ orúkọ yín ò lè wà lára ẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè ò tíì gbàgbé. Orúkọ tèmi ni màá kọ sí i, màá sì sanwó ẹ̀."

Ìyá gbójú sókè. "Ìwọ náà, o ti fẹrù ránṣẹ́ sílé rí?"

"Rárá, mà. Ta ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí? Ìyá mi kú nígbà tí mo wà níbí, mi ò lè lọ sin wọ́n. Láti ìgbà náà ni mi ò ti délé. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ lọ bá."

Ìyá wò ó títí, bó ṣe máa ń wo ìkòkò òfìfo.

"Ó dáa," ló wí. "Kọ orúkọ rẹ sí i. Kọ ọ́ gàdàgbà kó hàn."

Bẹ́ẹ̀ ni fóòmù àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ṣe lọ lórúkọ Ọ̀gá Kọ̀ńténà. Ìyá náà tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n jọ wọkọ̀ òfuurufú ní kí wọ́n tó gbéra, Ìyá ti yẹ báàgì àwọn tó jókòó tì í wò, ó sì ti rí àyè fún súwẹ́tà rẹ̀ nínú ti ẹnì kan tí kò mọ̀ rí. Ó délé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàyè. Wọ́n jọ gbé fún ọdún kan àti ààbọ̀, wọ́n jọ ń jà, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, inú pálọ̀ náà kò sì gba ẹsẹ̀ nítorí ẹrù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n náà tún pe Ọ̀gá.

"Ọmọ mi, àbúrò mi sùn lánàá, kò jí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló sùn sí. Kò jẹ̀rora rárá."

Ọ̀gá jókòó sórí páálí tó sún mọ́ ọn. Ó kí ìyá náà kú ìrọ́jú. Kò mọ ohun tó tún yẹ kó sọ, ó wá béèrè bóyá Ìyá gbádùn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó lọ.

"Bẹ́ẹ̀dì wo? Kò fìdí kàn án rí. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ń sùn bí ìgbà tá a wà lọ́mọdé. Ó ní tìrẹ ni."

"Tèmi kẹ̀, mà?"

"Orúkọ ta ló wà lára fóòmù? Yàrá ẹ̀yìn ló tò ó sí, àràárọ̀ ló ń gbọn eruku rẹ̀ nù. Mo ní bí onítọ̀hún ò bá wá ńkọ́? Ó ní èèyàn kì í fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ sílé onílé, á wá gbà á. Ojú mi ò ríran, mi ò sì mọ̀ ọ́ rí, ọmọ mi. Àmọ́ mo mọ yàrá rẹ. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ọ̀gá Kọ̀ńténà sunkún láàárín ẹrù ẹlẹ́rù, kò sì tijú. Tíṣà bá a níbẹ̀, ó jókòó tì í. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Ìyá, ẹ̀rín sì gba ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń to ẹrù fi wá dúró tì wọ́n.

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá ti ilé ẹrù pa, ó lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọmọbìnrin tó ń tà á bi í pé ẹrù mélòó ló fẹ́ gbé dání.

"Kò sí," ló wí. "Ẹrù mi ti ṣáájú mi délé."