Ọkọ̀ Dísù Tó Ń Kú Láàárọ̀ Ọyẹ́

Ẹni tó bá rí mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn á rò pé orí mi ti dàrú ni. Mo dúró sí àárín òkè, bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́, mò ń fi ọwọ́ gbá iwájú ọkọ̀, mò ń bú u bí ẹni tó gbọ́ Yorùbá. "Ọkọ̀ aláìníláárí! Ṣé òní náà lo tún máa kú ni?" Màámi jókòó síwájú nínú ọkọ̀, wọ́n fi ìborùn wé orí nítorí òtútù. Ọyẹ́ bo Ọ̀kà, ìlú wa, débi pé n kò rí àpáta tó wà lókè orí wa.

Dókítà olùtọ́jú ojú ló ń dúró dè wá ní Ọ̀wọ̀. Òun ló sọ fún mi pé nǹkan kan ń tẹ ojú Màámi láti inú, ó sì ń pa ìríran wọn díẹ̀díẹ̀. Ó ní tọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tòsì ló ṣì kù díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí òun fẹ́ ṣe kò ní dá èyí tó ti lọ padà o, ó kàn máa dáàbò bo èyí tó kù ni. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ló fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹni tí kò bá sì dé kí oòrùn tó mú, ó di ọ̀sẹ̀ míì. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́, Mà," ló wí fún mi. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ọkọ̀ máa já wa kulẹ̀.

Ọkọ̀ náà, jíìpù tó ń mu dísù ni, olóògbé ọkọ mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ń kó iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti Àjọwá àti Ògbàgì wá sí Ìkàrẹ́, kò sì fi ìgbà kankan dà mí rí, àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé. Tí mo bá ṣáná sí i ní ìdájí, á jí. Á rìn láti ilé dé ìdí òkè, bó bá ti ń gùn ún báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á máa fà sẹ́yìn, á tu èéfín funfun, á sì kú fin-ín. Tó bá wá di ọ̀sán, tí oòrùn ti yọ, ẹ kàn fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ni, á jí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Irú ọkọ̀ abíkú wo nìyẹn?

Mẹ́káníìkì mi wà ní Ìkàrẹ́. Alfa là ń pè é nítorí irùngbọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ dísù nìkan ló sì ń tún ṣe. Mo ti gbé ọkọ̀ náà lọ bá a títí tó fi sú mi. Ọ̀sán ni mo sì máa ń lè gbé e lọ, nítorí kò ní rìn láàárọ̀. Tó bá débẹ̀, á máa dún dáadáa bí ọmọ tó dá ṣáṣá lójú dókítà.

"Àǹtí, kò sí nǹkan tó ṣe ọkọ̀ yín."

"Ṣé irọ́ ni mò ń pa ni, Alfa? Ṣé mo gbádùn àtimáa sùn sórí òkè ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún sọ̀kalẹ̀ sídìí ẹ̀. Ó tú àwọn nọ́sù tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì, ó dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fọ́n ọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní bóyá atẹ́gùn ló wọ inú páìpù, ó tú u, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní bóyá omi ló wọ dísù, ó fa díẹ̀ sínú ike, kò sí omi kan níbẹ̀. Ó fa dísù inú táńkì sínú agbada, a jọ wò ó nínú oòrùn: ó ń dán, ó ń ṣàn, kò sí ìdọ̀tí. Ó wá pààrọ̀ fítà, ìyẹn asẹ́ tó ń sẹ́ dísù kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó fi fítà tuntun yẹn sí i, ọkọ̀ rìn fún àárọ̀ mélòó kan, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo tiẹ̀ gbàdúrà fún un. Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ Ọ̀wọ̀ ló tún kú, tí mo wá ń bú irin lórí òkè.

Ọkọ̀ èrò ló padà gbé wa lọ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tó ti dúró títí kó tó kún. A dé bá Dókítà tó ti parí iṣẹ́. Ó tan iná kékeré sí ojú Màámi, ojú òun fúnra rẹ̀ sì yí padà. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó wí fún mi, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún kùnà." Mo bẹ Màámi pé kí a lọ sùn nílé àbúrò ọkọ mi ní Ọ̀wọ̀ níbẹ̀ títí ọjọ́ náà á fi pé. Wọ́n fárígá. "Èmi ò sùn nílé onílé. Gbé mi lọ sílé mi." Mo bẹ̀, mo bínú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Wọn ò gbà.

Nígbà tí mo padà dé Ìkàrẹ́, mo sọ fún Alfa pé ọ̀rọ̀ ti di ìjà. "Tí ọkọ̀ yìí ò bá fẹ́ ṣàìsàn níwájú ẹ, ìwọ lo máa wá bá a níbi tó ti ń ṣàìsàn." Ó mọ̀ pé n kò ṣeré. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe kírun àárọ̀ tán ló gun ọ̀kadà wá sí Ọ̀kà, ó ń gbọ̀n, ó ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ apá. Mo ṣáná, a gbéra, ọkọ̀ sì kú síbi tó máa ń kú sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, inú mi dùn pé ó kú.

Alfa tú fítà náà níbẹ̀, ó yí i dà sọ́wọ́. Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàn. Ó dì gbagidi, ó pọ́n, bí ẹni po epo mọ́ ẹ̀kọ. Alfa fi ìka ra á, ó fajú ro. Èmi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wò ó, inú epo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

"Epo pupa nìyí!"

"Súbúhánálláhì! Àǹtí, ta ló ń dín àkàrà nínú táńkì yín?"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Tí oòrùn bá mú, epo náà á yọ́ mọ́ dísù, á bá a kọjá, kò sẹ́ni tó máa rí i. Tí òtútù bá mú, á dì, á sì dí asẹ́ pa. Alfa ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo ti ń lọ sílé. Mo ti mọ ibi tí epo ti wá.

Ọ̀kà kì í sábà ní dísù. Ọjọ́ tí mo bá rí i ní Ìkàrẹ́ ni mo máa ń rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì pa mọ́. Àwọn kẹ́ẹ̀gì náà, ti Màámi ni, tí wọ́n fi ta epo pupa lọ́jà Ìkàrẹ́ kí ara wọn tó di ara àgbà. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń sọ kẹ́ẹ̀gì epo nù? A máa fọ̀ ọ́ ni. Màámi ò sì jẹ́ kí ẹlòmíì bá wọn fọ̀ ọ́ rí. Wọ́n á da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí i, wọ́n á ki òkúta wẹ́wẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á máa mì ín, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á wá gbé e sókè sínú oòrùn láti wo ìdí rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí Màámi bá fọ̀, ẹ lè fi pọn omi mímu.

Mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń kó kẹ́ẹ̀gì jọ. Inú ń bí mi kọjá sísọ. Ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi.

"Màámi, ta ló fọ kẹ́ẹ̀gì tí mo rọ dísù sí?"

"Ta ló tún ń fọ kẹ́ẹ̀gì nínú ilé yìí bí kò ṣe èmi? Kí ló dé?"

Wọ́n mú ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n gbé e sókè síwájú ojú wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. "Wò ó. Ó mọ́ gaara."

Epo tó ti dì ló tẹ́ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì náà, ó nípọn, ó pupa yòò. Kò jìnnà sí ojú wọn rárá. Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Wọn ò rí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìdí tí wọn ò fi fẹ́ sùn nílé onílé, níbi tí wọn ò mọ ògiri, tí àlejò á ti máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń táràrà. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi wọ́n pé báwo ni ojú òsì, wọ́n á ní, "Ó ń ríran, má yọ ara ẹ lẹ́nu."

"Ó mọ́, Màámi," ni mo wí. Mo wọlé lọ sunkún.

Alfa fọ táńkì, ó fẹ́ páìpù, ó fi fítà tuntun sí i, a rọ dísù tààrà láti ilé epo. Nígbà tí ọjọ́ Ọ̀wọ̀ pé, ọkọ̀ gun òkè láìkọsẹ̀. Màámi ń yìn ín lójú ọ̀nà. Àwa la kọ́kọ́ dé. Dókítà tan iná sí ojú ọ̀tún, ó tan án sí tòsì, ó tún padà sí tòsì. Ó ní kí nọ́ọ̀sì mú Màámi lọ jókòó síta.

"Iṣẹ́ abẹ ò wúlò mọ́, Mà. Kò sí nǹkan tí a máa dáàbò bò níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Mo ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀, kó gbìyànjú ẹ̀ ṣá. Ó fà mí dìde, ó mi orí.

Bí a ṣe jókòó sínú ọkọ̀ ni Màámi béèrè. "Kí ni Dókítà wí? Ìgbà wo ni wọ́n máa ṣe é?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká gun òkè délé ná. Tí a bá ti gùn ún tán, màá sọ fún yín."

A dé ìdí òkè. Èmi tí mo ti ń bẹ ọkọ̀ yìí láti ọjọ́ yìí pé kó má kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé kó kú. Kú, jọ̀ọ́. Kú síbí. Jẹ́ ká dúró sí ojú ọ̀nà yìí di alẹ́. Mo rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tí a fi ń mú ọkọ̀ sáré, kò wúkọ́. Ó ń gòkè lọ, ó dún geere, ó gbé wa dé orí rẹ̀.

Màámi fọwọ́ wá itan mi, wọ́n rí i, wọ́n rọra gbá a.

"A ti gùn ún tán. Mo gbọ́ ọ lára ọkọ̀. Ó yá, sọ fún mi."