Ọjọ́ Tí Iná Padà Dé sí Àgbàlá Wa

Ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọmọ èèyàn láwùjọ ni mo fi ń jẹun ní Ìlaròó. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nídìí rẹ̀, ìyókù àlàyé ni. Ọ̀rọ̀ náà ni pé bí ẹnì kan bá hùwà kan, má tíì béèrè irú èèyàn tó jẹ́. Kọ́kọ́ wo ibi tó dúró sí. Mo máa ń fi ọlọ́kadà ṣe àpẹẹrẹ. Ọlọ́kadà tó bú arúgbó lójú títì láàárọ̀, ẹ tẹ̀ lé e dé ilé àna rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i lórí ìdọ̀bálẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun. Ọkùnrin kan náà ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá sì ti ṣe ìdánwò tán, wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Mi ò bá wọn wí, torí èmi tí mò ń kọ́ wọn náà gbàgbé rẹ̀ nínú ilé ara mi.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú ni mo gba yàrá kan àti pálọ̀ nínú àgbàlá kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Ayétòrò. Màmá kan tó ń ta láfún, ọmọ Ìgbógilà, ló wà ní yàrá iwájú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ná ọjà Kútọnu ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tọkọtaya kan àtàwọn ọmọ wọn sì wà lẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí níbẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ sà.” “Ẹ káalẹ́ sà.” Bí wọ́n bá ti kí mi tán, ó parí nìyẹn, kálukú á wọlé, á ti ilẹ̀kùn. Èmi náà á wọlé, n ó fi búrẹ́dì mu tíì, n ó sì tan tẹlifíṣọ̀n. Òun nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, kì í sì í dúró gbọ́ èsì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, Abẹ́òkúta lòun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ìfẹ̀yìntì mi kù díẹ̀ nígbà náà, ọmọ náà kò sì yéé sọ fún mi pé, “Dádì, yàrá yín ti wà nílẹ̀.” Mò ń fòní dónìí, fọ̀la dọ́la. Ibi tí n ó gbó sí ni mo ní láti yàn, kì í ṣe ohun téèyàn ń kánjú ṣe.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan ń parí lọ, tiransifọ́mà àdúgbò wa bú gbàmù. Àwọn oníná wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n bá tiwọn lọ. Ní ọjọ́ kejì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde lábẹ́ fírísà gbogbo wa. Màmá iwájú ló kọ́kọ́ jáde. Ó gbé ìkòkò kaná lábẹ́ igi máńgòrò, ó dín gbogbo ẹja rẹ̀, ó ké sí wa: “Ẹ wá jẹ ẹ́ o, kó tó di ti eṣinṣin!” Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́jà gbé adìyẹ jáde, èmi gbé títúùsì tí mo rà sílẹ̀ jáde. Ẹja tí fírísà ì bá bá wa ṣahun rẹ̀ di oúnjẹ gbogbo ilé. Nígbà tí a jẹun tán, kò sẹ́ni tó lè wọlé, torí pé yàrá gbóná bí ààrò. A tẹ́ ẹní, a jókòó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kọ́ mi ní Faransé, ó pa sà tì, ó ń pè mí ní Pápà. Àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé ń gbórí lé mi lẹ́sẹ̀ sùn. Màmá béèrè ọjọ́ orí mi, ó rí i pé òun jù mí lọ dáadáa, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní àbúrò. “Àbúrò mi, o ò tíì jẹun tó. Gba èyí.” Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kú, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ṣe bí ẹni pé mò ń jẹ ẹja, omijé ló fẹ́ bọ́ lójú mi. Inú mi dùn, ó dùn débi pé ó ń bà mí lẹ́rù.

Inú dídùn yẹn ni mo wà nígbà tí ọmọ mi pè mí. Mo gbé fóònù fún Màmá, wọ́n kíra wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo gbà á padà, mo sọ fún un pé kó má dúró dè mí mọ́, Ìlaròó ni n ó ti gbó, mo ti ní èèyàn níbẹ̀.

“Dádì, èmi wá ńkọ́?”

“Àjùmọ̀bí ò kan tàánú,” mo dá a lóhùn. “Ẹni orí bá rán síni ló ń ṣeni lóore.”

Ó kàn ní kó dàárọ̀ ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ṣùgbọ́n Màmá ti ń pè mí wá jẹ àgbàdo sísun.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá ń sọ bí olóògbé ọkọ rẹ̀ ṣe wá fẹ́ ẹ ní Ìgbógilà. Ó ti dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti fa àdá yọ, tí ọkọ ìyàwó sì gun igi ọsàn, ni gbogbo fèrèsé ilé bá mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. “Iná ti dé!” Gbogbo àdúgbò ló hó yè. Àwọn ọmọ ń fò sókè. Màmá fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí igi ọsàn, ó sáré lọ tan fírísà. Ẹlòmíràn lọ fa omi, ẹlòmíràn lọ lọ aṣọ. Bóyá èmi nìkan ni àyà mi já ní gbogbo Ìlaròó lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ní n ó dúró dè wọ́n lórí ẹní. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn fáànù pálọ̀ mi ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn láti ojú ilẹ̀kùn, ó sì tutù. Èmi náà wọlé. Kò sẹ́ni tó tì mí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àga síta. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kọjá. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà.” Màmá yọjú lójú fèrèsé: “Ṣé kò sí o? Ẹ̀fọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn níta yẹn o, sà.” Àánú ló fi sọ ọ́. Mo dìde, mo kanlẹ̀kùn rẹ̀, mo ní mo fẹ́ gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. “Ìtàn ọjọ́sí yẹn? Ẹ jẹ́ ká fi í sí ọjọ́ mìíràn.”

Wọn ò burú. Bí mo ṣe mọ̀ wọ́n látẹ̀yìn wá náà ni wọ́n wà. Ooru ló kó wa jáde, yìnyín tó yọ́ ló gbé ẹja sínú àwo wa, èmi sì pè é ní ìfẹ́, mo sì fi lé ọmọ bíbí inú mi sẹ́yìn.

Òun náà ló tún pè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohùn rẹ̀ rọra ń bọ̀, bíi ti ẹni tó ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. “Dádì, ẹ fún Màmá ní fóònù kí n kí wọn.” Ojú ilẹ̀kùn ni mo dúró sí. Gbogbo ilẹ̀kùn ló wà ní títì, iná ń tàn lábẹ́ wọn.

“Wọ́n ti sùn,” mo ní.

“Dádì, ìròyìn aago méje ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn yín yẹn.”

Mo wọlé lọ pa tẹlifíṣọ̀n. Mo ní, “Ọmọ mi, máa bọ̀ wá mú mi ní Sátidé.”

Ó kígbe ayọ̀, ó pe ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ohun tí wọ́n ti tọ́jú dè mí. “Ẹ ò tiẹ̀ ní í ṣe wàhálà iná mọ́ rárá, Dádì. Gbogbo àdúgbò wa ló ti fi sólà sílé. Iná wa kì í lọ.”